Wákàtí Kan Lókè, Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Nílẹ̀

Ẹ jẹ́ ká tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kalẹ̀, ká na okùn tààrà láti Tamale ní àríwá Gánà dé Ògbómọ̀ṣọ́. Okùn náà kò ní gùn tó 600 kìlómítà. Nǹkan bíi 580 ni. Láti Accra sí Èkó, tí ó jẹ́ 400 kìlómítà lójú òfurufú, nǹkan bíi wákàtí kan ni bààlúù ń lò, àti gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Bí bààlúù kan bá wà tó ń ti Tamale fò tààrà lọ sí Ìlọrin, tí pápákọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò yẹ kó ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Èèyàn á jẹ tuo zaafi àti ọbẹ̀ ayoyo ní Tamale láàárọ̀, á jẹ àmàlà àti ewédú ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án, á sì rí i pé ewé kan náà ni ayoyo àti ewédú. Bó bá ń padà ńkọ́? Aago Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Bó bá gbéra ní Ìlọrin ní aago mẹ́wàá, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò balẹ̀ sí Tamale, bí ẹni pé kò rìn rárá.

Kò sí bààlúù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fò láti Tamale wá sọ́dọ̀ wa lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjú sí gúúsù, kó fò fún nǹkan bíi 430 kìlómítà dé Accra, kó jókòó de bààlúù mìíràn, kó fò 400 kìlómítà dé Èkó, kó wá wọ mọ́tò gba Ìbàdàn padà sókè dé Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí ó lé ní 200 kìlómítà. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 1,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì okùn tí a nà lẹ́ẹ̀kan. Bí gbogbo nǹkan bá lọ geere, odidi ọjọ́ kan ló máa gbà. Bí kò bá lọ geere, ó di kéèyàn sun Accra. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká owó bààlúù á wọ bọ́ọ̀sì mọ́jú láti Tamale dé Accra, á kọjá ẹnubodè Aflao, á kọjá ti Hilla-Condji, á kọjá ti Sèmè, ẹ̀ka ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní apá méjèèjì ẹnubodè kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì kò tó o nígbà mìíràn.

Kìlómítà kọ́ ló sọ Tamale di ọ̀nà jíjìn fún wa. Àwọn èèyàn ló ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n sì ṣe é wà lákọsílẹ̀.

Ẹni tí kò mọ ìtàn lè bi mí pé kí ni Tamale jẹ́ fún Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo fi ń na okùn láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn Gánà ní ọdún 1960, àwọn Yorùbá tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 100,000. Wọ́n wà ní Accra àti Kumasi, wọ́n sì pọ̀ gan-an ní àwọn ọjà àríwá. J. S. Eades, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, kọ odidi ìwé kan lórí àwọn tó wà ní Tamale, Strangers and Traders, tí ó jáde ní ọdún 1993. Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ọ̀fà, Ìlọrin: àwọn ìlú tí wọ́n ti wá nìyẹn. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ yẹn dáadáa, ẹ ó rí i pé àríwá ilẹ̀ Yorùbá ni gbogbo wọn wà, ní ibi tí a lè pè ní òréré kan náà pẹ̀lú Tamale. Kì í ṣe èèṣì. Ẹni tó bá dúró ní Ṣakí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, Tamale ló kọjú sí. Ìlà-oòrùn ni ẹni tó wà ní Tamale ń wò bó bá ń wo ilé.

Ọ̀nà àtijọ́ kò sì yà bàrà. Láti ilẹ̀ Haúsá àti láti Ìlọrin, àwọn ọ̀wọ́ oníṣòwò a máa gba Nikki, Parakou àti Djougou kọjá lọ sí Salaga, ọjà ńlá tó wà ní ilẹ̀ Gonja, ní gúúsù Tamale. Obì ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀, obì tí ó ti igbó Asante wá. A kò tilẹ̀ nílò ìwé láti mọ̀ pé àwọn baba wa mọ ọ̀nà yẹn, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́nu wa títí dòní. Obì aláwẹ́ méjì tí a ń pè ní gbànja, orúkọ ilẹ̀ Gonja ló ń jẹ́. Ní tiwọn náà, ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń tà káàkiri Gánà, alata samina ni wọ́n ń pè é, "alata" yẹn sì ni alátà wa, obìnrin tó ń ta ata. Obì lọ sí ìhín, ọṣẹ lọ sí ọ̀hún, orúkọ sì tẹ̀ lé ẹrù.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń yin ayé àtijọ́ kọjá bó ti yẹ. Salaga tí mo ń sọ yìí, wọ́n ń ta ẹrú níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ta obì. Oníbodè wà ní gbogbo ìlú tí wọ́n ń kọjá, owó ibodè sì ni wọ́n ń san láti ilé títí dé ọjà. Ogun wà lójú ọ̀nà ní ilẹ̀ tiwa. Bí ọ̀wọ́ kan bá sì ń rin 25 kìlómítà lóòjọ́ pẹ̀lú ẹrù lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti lórí èèyàn, tí ọ̀nà tó yí gba inú ìlú jẹ́ 700 kìlómítà, ọjọ́ 28 ni ìrìn náà máa gbà, láìka ọjọ́ tí wọ́n fi sinmi. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń tẹnu mọ́ ni pé ọ̀nà náà lọ tààrà. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún alájàpá ìgbà náà pé kó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ wo òkun kó tó lè dé Gonja.

Ọdún méjì péré ni wọ́n fi gé ọ̀nà yìí sí wẹ́wẹ́. Ní 1898, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé pín ilẹ̀ Borgu: Nikki bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bussa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1899, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì pín ilẹ̀ tó wà láàárín Salaga àti Yendi, tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan tẹ́lẹ̀ pé kò ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi pín erékùṣù Samoa ní òkun Pàsífíìkì, ọ̀hún náà ni wọ́n fi pín in. Ìjọba Dagbon là sí méjì: Yendi, níbi tí Ya Naa ti ń jọba, di ti Jámánì, Tamale di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá gbéra ní Tamale lọ sí Ṣakí lẹ́yìn ọdún yẹn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti gbéra, ó wọ ti Jámánì, ó wọ ti Faransé, ó tún padà bọ́ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1907 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó olú-ìlú ẹkùn àríwá Gold Coast láti Gambaga wá sí Tamale, abúlé tí kò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọjà.

Ojú irin ló wá parí rẹ̀. Ojú irin Gold Coast gbéra létí òkun, ó dé Kumasi ní 1903. Ti Nàìjíríà gbéra ní Èkó, ó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin, ó dé Kano ní 1912. Ti Tógò gbéra ní Lomé lọ sí Blitta. Ti Dahomey gbéra ní Cotonou lọ sí Parakou. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbọọrọ láti òkun lọ sókè bí òpó ilé. Ẹyọ kan kò sí tó dábùú láti ọ̀dọ̀ ara wọn sí ara wọn, nítorí kì í ṣe pé ẹni tó kọ́ wọn fẹ́ kí a rí ara wa. Ẹ̀pà, kòkó àti góòlù ló fẹ́ kó dé èbúté. Ọ̀nà títì tẹ̀ lé ojú irin, bààlúù sì tẹ̀ lé ọ̀nà títì. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bààlúù tí ń gbé èrò Tamale lọ sí Accra kí ó tó lè rí Nàìjíríà, ojú irin 1903 náà ló ṣì ń gùn, àfi pé ìyẹ́ ló ní.

Nígbà tí lọ́rì dé, àwọn oníṣòwò wa náà yí padà. Wọ́n fi ọ̀nà Djougou sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń gba etí òkun: Èkó, Cotonou, Lomé, Accra, kí wọ́n tó yà sókè gba Kumasi lọ sí Tamale. Ọ̀nà gùn sí i, ṣùgbọ́n ó yá sí i. Oṣù kan di ọjọ́ mélòó kan. Ẹni kan á lọ, á pe àbúrò, àbúrò á pe ìyàwó, ìyàwó á mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ láti bá a kiri ọjà. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta abọ́ tánganran, wọ́n ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, wọ́n ta gbogbo wúruwùru tí ilé ń lò. Wọ́n kọ́ṣọ́ọ̀ṣì: àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú àríwá Gold Coast. Wọ́n kọ́lé. Wọ́n bímọ tó ń sọ Dagbani dáadáa ju Yorùbá lọ.

Wọ́n sì ta àwìn. Èyí ṣe pàtàkì sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwa tí a mọ ìtàn òṣómàáló ti àwọn Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ nìyẹn: a gbé e fún ọ lónìí, o san díẹ̀, o san ìyókù nígbà tí iṣu bá jáde tàbí nígbà tí owó oṣù bá wọlé. Ẹrù oníṣòwò kò sí ní ìsọ̀ rẹ̀ nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, nínú ìwé kékeré kan tàbí nínú orí obìnrin tí kò mọ̀wé rárá ṣùgbọ́n tí kì í gbàgbé kọ́bọ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia, tí kò tíì pẹ́ lórí oyè, gbé àṣẹ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Aliens Compliance Order. Gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á tàbí kó jáde ní Gánà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa kò ní ìwé kankan, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòroó mọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń ṣàkóso Èkó àti Tamale. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìwé. Àwọn kan kò dé láti ibì kankan, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí iye ọjọ́ yẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rìnlá? Bí a bá ní ká ṣírò ìrìn nìkan, mẹ́rìnlá tó. Lọ́rì tó gbéra ní Tamale lè dé Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kódà bó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ṣe òfin náà wo èèyàn gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí wọ́n máa gbé láti ibì kan dé ibì kejì, ó ka ọjọ́ tí mọ́tò máa fi rìn, ó fi díẹ̀ lé e. Ohun tí kò kà ni àwìn. Ta ló máa san gbèsè fún ẹni tí gbogbo ọjà mọ̀ pé kò ní sí níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún? Òṣómàáló a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó títí tí yóò fi gbà á. Lọ́dún yẹn, oníṣòwò kò lè lóṣòó, nítorí ọlọ́pàá wà lẹ́yìn òun náà. Ilé tí èèyàn fi ogún ọdún kọ́ kì í ṣe ohun tí a ń tà lọ́sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá sì rí i tà, cedi ni wọ́n máa kà fún un, cedi tí òfin kò gbà kó kó jáde, tí kò sì sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ibùsọ̀ ni a ń pe máìlì ní èdè wa. Ibi tí alárù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi ni. Àwọn tó dá ọ̀rọ̀ yẹn mọ̀ pé ara ìrìn ni sísọ ẹrù kalẹ̀ jẹ́, pé ìgbà tí èèyàn ń lò níbi tó dúró wà nínú iye tí ọ̀nà gùn. Àṣẹ ọdún 1969 ka ìrìn, kò ka ibùsọ̀.

Ohun kan tí n kò lè fò dá: Gánà àti Nàìjíríà ṣì ń wa ọkọ̀ lápá òsì títì nígbà náà, Tógò àti Dahomey ń wà á lápá ọ̀tún. Àwọn lọ́rì tí ó kún dẹ́nu yẹn gbọ́dọ̀ yí apá padà ní Aflao, kí wọ́n tún yí i padà bí wọ́n bá wọ Nàìjíríà. Ilé tí wọ́n sì ń sáré bọ̀ kò tòrò. Ogun abẹ́lé kò tíì parí. Ní ọdún 1969 yẹn kan náà, nígbà rògbòdìyàn owó-orí tí a mọ̀ sí Àgbẹ̀kọ̀yà, wọ́n ti pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Tamale wá dé sí ìlú tí kò lọ́ba, wọn kò gbọ́ èdè tó já gaara, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ń pè wọ́n ní ọmọ Gánà. Orúkọ yẹn kò tán lára ọ̀pọ̀ wọn. Ìyá Gánà àti Bàbá Kumasi ṣì pọ̀ ní agbègbè wa.

Ẹni tó bá rò pé Gánà nìkan ló mọ ìwà yìí hù, kó sún síwájú díẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn kúrò ní Nàìjíríà kí oṣù náà tó parí. Ẹ kà á: ọjọ́ mẹ́rìnlá. Iye kan náà, ìṣirò kan náà. Ní tiwọn, ó burú jù, nítorí Jerry Rawlings ti ti ẹnubodè Gánà àti Tógò pa láti oṣù Kẹsàn-án 1982. Àwọn ará Gánà kún Sèmè, wọ́n kún Cotonou, ọ̀nà kò sì lọ síwájú títí di ìparí oṣù Kínní, nígbà tí Rawlings tó ṣí i. Accra sí Èkó tí bààlúù ń fi wákàtí kan rìn gba àwọn ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ lọ́nà ọ̀sẹ̀. Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ni àpò onílà tí a ń pè ní Ghana Must Go, tí a fi ń kó aṣọ lọ sí gbogbo ibi títí dòní láìbìkítà.

Ó ya èmi lẹ́nu pé láàárín ìlénikúrò méjèèjì yìí ni wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀, ní Èkó, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1975. Ní 1979, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba fíísà, kó lo 90 ọjọ́. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn rẹ̀ ni ti 1983 ṣẹlẹ̀. Ní ojú òfurufú náà, ìlérí ló pọ̀. Ṣáájú òmìnira, ilé-iṣẹ́ bààlúù kan ṣoṣo, West African Airways Corporation, ló ń sin Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Bí òmìnira ṣe dé ni kálukú gba tirẹ̀ lọ. Ghana Airways kú ní 2004, Nigeria Airways ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 2003. Ní 1999, àwọn ìjọba Áfíríkà pàdé ní Yamoussoukro, wọ́n ní àwọn yóò ṣí òfurufú sílẹ̀ fún ara wọn. Ní 2018, wọ́n tún ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní Addis Ababa lábẹ́ orúkọ mìíràn. Owó-orí àti owó pápákọ̀ tí wọ́n ń kó lé tíkẹ́ẹ̀tì láàárín wa ló jẹ́ kí wákàtí kan lókè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ́n ju bó ti yẹ lọ.

Tamale kò sì ṣàìní pápákọ̀. Wọ́n kọ́ ilé èrò tuntun síbẹ̀, wọ́n ṣí i ní 2023, wọ́n sì fi orúkọ Yakubu Tali pè é, Tolon Naa, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú àríwá Gánà. Ọkùnrin yìí ti ṣojú Gánà ní Nàìjíríà rí, gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba rẹ̀ níbí. Pápákọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò ní bààlúù kan tó ń lọ sí Nàìjíríà. Ó ní ti Hájì: àwọn arìnrìnàjò mímọ́ ń wọ bààlúù ní Tamale tààrà lọ sí Saudi Arabia, ìrìn tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kìlómítà lọ. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé Tamale kò lè fò sí ìlà-oòrùn.

Ṣé mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún bààlúù Tamale sí Ìlọrin ni? Bóyá èrò kò ní kún un. Bí wọ́n bá fún mi ní owó tí yóò ra bààlúù náà, ọ̀nà ilẹ̀ ni n ó fi ṣe: Tamale, Yendi, Tatale, kó wọ Tógò gba Kara, kó wọ Benin gba Djougou àti Parakou, kó yọ sí Nikki, kó wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní Chikanda ní Baruten, kó máa bọ̀ sí Ìlọrin. Àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà yẹn kò kú. Ẹnubodè mẹ́ta náà ló ní, kò dín sí ti etí òkun, ṣùgbọ́n èèyàn á jèrè 500 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìjọba wa ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà Abidjan sí Èkó ní gbogbo ìgbà, ọ̀nà 1,028 kìlómítà tí yóò gba etí òkun já. Ó dára. Ti òkè yìí ni n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ.

Àwọn awakọ̀ ò sì dúró de ìjọba. Ní Ẹjìgbò, ìlú kékeré kan ní Ọ̀ṣun tí àwọn ọmọ rẹ̀ kún Côte d'Ivoire, bọ́ọ̀sì ń gbéra láti inú ìlú lọ sí Abidjan, ó ń gba orílẹ̀-èdè márùn-ún kọjá láìsí pé èrò kan sọ̀kalẹ̀ wá ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ tó ń lọ sí Tamale, Accra ni yóò bọ́ sílẹ̀ sí, á gbé àpò rẹ̀ kọ́rùn, á lọ wá bọ́ọ̀sì alẹ́ tí yóò gbé e padà sókè mọ́jú.